Ewé Tábà Tí Láyíwọlá Yàn

Láyíwọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ewé tábà tó le jù lọ nínú ọgbà rẹ̀, ó fi ṣe àgbo gìrì fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè ohun tó fún ọmọ náà mu, ó purọ́.

Ará Ìgbòho ni Láyíwọlá, ṣùgbọ́n àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin ló ń gbé. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní àdúgbò Challenge, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní òpópónà Fate. Wọ́n ti pẹ́ nílé ara wọn kí Ọlọ́run tó fún wọn ní Tẹniọlá. Ọmọ náà ti ń sáré, ó ti ń kọrin, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, á ní òun ti dákẹ́, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Láyíwọlá kì í mutí. Kì í lé obìnrin kiri. Kì í jalè. Nítorí èyí ló ṣe rò pé òun kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Tábà nìkan ni tirẹ̀. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ó ti fà á. Lórí iṣẹ́ ńkọ́, ó wà ní ẹnu rẹ̀. Níbi tí kò bá ti lè tan iná, á fín áṣáà símú.

Ẹ̀bùnọlá sọ ọ́ títí pé òórùn sìgá ti wọ aṣọ ọmọ, pé ọmọ ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kan Láyíwọlá ní òun kò ní ra sìgá mọ́. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ máa gbin tábà sí ẹ̀yìnkùlé ni.

Kì í ṣe òpè nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbin tábà ní Ìgbòho títí ó fi darúgbó. Láyíwọlá mọ̀ pé irúgbìn tábà kéré bí eruku, pé bí ènìyàn bá sín sí i, ó ti lọ nìyẹn. Ó mọ̀ pé à ń pò ó mọ́ eérú kí a tó wọ́n ọn sílẹ̀, pé à ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó kí oòrùn má baà jó o pa. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni èyí tí yóò yàn.

Mẹ́ta ló kó jọ, ó sì sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀.

Ó pe àkọ́kọ́ ní Olóyin. Irú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, bó bá sì gbẹ dáadáa, á pọ́n bí oyin, òórùn rẹ̀ á máa ta sánsán. Ṣùgbọ́n inú ilé amọ̀ tí wọ́n ń dáná sí nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ, ooru rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ewé náà á bu mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó pe ìkejì ní Pupa. Èyí kò fẹ́ iná. Okùn lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà ti tó o. A ó so ó kọ́ ní ìdí, á máa gbẹ títí á fi pupa dúdú bí igi kòkó. Ọyẹ́ nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí bí ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú, á gbẹ jù, á sì rún bíi pépà.

Ó pe ìkẹta ní Akọ. Kúkurú ni, ewé rẹ̀ rí róbótó, ó nípọn, oje rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ilẹ̀ burúkú kò ní kó má hù. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta áṣáà lọ́jà ló ti gba irúgbìn rẹ̀.

"Gbọ́ o, ọmọ mi," ìyá náà wí. "Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Tí o bá ń fín èyíinì ní ẹ̀kún ìka, bíńtín ni kí o fín nínú èyí. Ó ti dá ọkùnrin gìrìpá dùbúlẹ̀ níṣojú mi."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ohun tí mo ti ń wá kiri látọjọ́ yìí nìyẹn."

Ọgbọ́n ti sọ fún un pé Pupa ló bá ẹ̀yìnkùlé mu. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan bá ti so mọ́lẹ̀ kì í yan èyí tó bá a mu, èyí tó le ló ń yàn. Ó gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fún Akọ ní ibi tó dára jù, lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, níbi tí omi ìfọwọ́ ń ṣàn gbà. Ebè ẹ̀fọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Tẹni, ẹ̀fọ́ mi dà?" Ẹ̀bùnọlá bi í nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́.

"Mo ti bá ọ kó o sínú abọ́. Sè é."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ̀fọ́ wà lọ́jà. Irú tábà yìí ò sí lọ́jà."

Ẹ̀bùnọlá gbé abọ́ ẹ̀fọ́ náà wọlé.

Olóyin kò pẹ́. Ó hù, ó dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sá ewé rẹ̀, ó hu funfun, ó jẹrà. Láyíwọlá hú ìyókù dànù. Pupa ṣe dáadáa. Akọ ló wá ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó ń dán. Láràárọ̀ ni Láyíwọlá ń ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ó ń gé òdòdó rẹ̀ kí agbára igi má baà lọ sókè. Ó ń re àwọn ẹ̀ka tó bá fẹ́ yọ lábẹ́ apá ewé. Tẹniọlá á dúró tì í, á máa bi í pé, "Dádì, ṣé ewé yìí ń sunkún ni?" nítorí oje tó ń lẹ̀. Láyíwọlá á ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn ewúrẹ́ Ṣàngó tí kì í fi páálí sílẹ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Màsúdát, aládùúgbò wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wọ́n.

"Bàbá Tẹni, ohun tí ewúrẹ́ Ìlọrin bá kọ̀, wàláhì, ó yẹ kí èèyàn bi í léèrè ìdí."

"Ewúrẹ́ ò mọ nǹkan tó dáa."

"Ó dáa o. Àwa àti ewúrẹ́ la jọ jẹ́ òpè."

Láyíwọlá kò lọ sí ilé ìsìn mọ́. Àárọ̀ Sunday ni kòkòrò ń pọ̀ jù, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Láníyọnu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń tún fíríìjì ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra ní Challenge, wá bá a ní Sunday kan lẹ́yìn ìsìn. Láníyọnu náà ti ṣe ayé rí. Ọtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí Jésù tó mú un. Kò mọ ìwàásù í ṣe, òótọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

"Pásítọ̀ Fíríìjì ti dé!" Láyíwọlá kí i. "Jókòó kí o jẹ iṣu."

"Màá jẹ ẹ́. Ìgbà wo lo máa wá sílé Ọlọ́run?"

"Ṣé tábà ni ò ní jẹ́ kí n dé ọ̀run? Ìwé Mímọ́ ò kúkú dárúkọ ẹ̀."

"Kò dárúkọ ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bá ọ jà lórí ewé. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́. Tí Jésù bá dúró síbi tí mo dúró sí yìí, tó ní kí o hú u lónìí, ṣé wàá hú u?"

Láyíwọlá wo ọgbà rẹ̀. Ó wo Akọ lẹ́bàá ògiri.

"Jẹ́ kí n kórè ná. Ó ku díẹ̀ kó gbó."

"Mo ti gbọ́," ni Láníyọnu wí. "Òun náà ti gbọ́."

Ó jẹ iṣu rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Láyíwọlá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ti ń ya wèrè ìjọ. Síbẹ̀, ìbéèrè yẹn kò kúrò ní àyà rẹ̀. Ẹ̀mí Ọlọ́run ló ń kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ, ó sì ní kó dúró síta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ara Tẹniọlá fi gbóná. Ẹ̀bùnọlá gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nítorí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ìdánwò.

"Mo ti fi omi tútù nù ún lára," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Tí ara ẹ̀ ò bá rọ̀ kó tó di ọ̀sán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró dè mí."

"Mo ti gbọ́."

Ó tẹ́ ẹní fún ọmọ náà lábẹ́ òrùlé, ó sì bọ́ sínú ọgbà. Ọ̀sán dé. Ara ọmọ kò rọ̀. Láyíwọlá ní òun kàn fẹ́ parí ebè kan tó kù. Ìgbà tó máa gbójú sókè, Tẹniọlá ń jà gìrìgìrì lórí ẹní, ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ ń yọ ní ẹnu rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí gìrì bá ti mú ọmọ rẹ̀ rí mọ bí inú bàbá ṣe ń rí. Láyíwọlá sáré, ó gbé e, ó pè é, ó tún pè é. Orí rẹ̀ kò sọ fún un pé ilé ìwòsàn. Orí rẹ̀ sọ fún un pé ìgò.

Ní ilé wọn, bí gìrì bá mú ọmọ, ìtọ̀ màlúù ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fún ewé tábà tútù sí i, wọ́n á fi àlùbọ́sà, ayù àti efinrin kún un, wọ́n á sì rọ ọmọ náà. Wọ́n rọ Láyíwọlá náà nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ kò yé sọ ọ́ fún un pé àgbo náà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nígbà tí wọ́n bí Tẹniọlá, ìyá yìí fi ìgò ìtọ̀ màlúù kan ránṣẹ́ láti Ìgbòho. Ẹ̀bùnọlá fẹ́ dà á nù. Láyíwọlá kò gbà. Láti ìgbà náà ló ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Àlùbọ́sà àti ayù wà. Efinrin wà. Ewé ló kù.

Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Olóyin ti kú. Pupa wà lórí okùn, ó ti gbẹ, ewé tútù sì ni àgbo ń fẹ́. Akọ nìkan ló dúró ní tútù. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá aláṣáà. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tábà ti yí i lórí padà. Ó ní bó bá le tó bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò lé gìrì. Ó ní ọmọ òun ni, èyí tó dára jù lọ́wọ́ òun ni òun yóò fún un. Ó sì já ewé, kò já díẹ̀.

Ó fún ewé náà sínú ìtọ̀ màlúù, ó fi ìyókù kún un. Omi rẹ̀ dúdú, ó ki. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan bí ìyá rẹ̀ ti í ṣe, ó ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ń dà á. Gìrì ti dá díẹ̀ nígbà náà. Ọmọ náà la ojú.

"Dádì, ó ń ta mí."

"Gbé e mì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Ó gbé e mì. Ó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Láìpẹ́, ọmọ náà dákẹ́. Kò jà mọ́. Láyíwọlá tẹ́ ẹ padà sórí ẹní, ó fi aṣọ bò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó wo Akọ lẹ́bàá ògiri, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó wé ewé gbígbẹ kan, ó ṣáná sí i, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń fà á.

Asẹ́ tí Màsúdát yá ló fẹ́ dá padà tó fi wọlé.

"Bàbá Tẹni, ẹ kú ilé o. Ọlọ́rọ̀ púpọ̀ mi dà?"

"Ó ń sùn. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan, mo ti fún un ní nǹkan. Ó ti lọ."

Màsúdát bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Asẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó tutù! Bàbá Tẹni, ọmọ yìí ò sùn o! Wo òógùn! Wo ojú ẹ̀! Subuhánà-lláhì! Tahir! Tahir o! Gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀!"

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni Tahir ọkọ rẹ̀ ń wà. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Màsúdát gbé ọmọ sáyà, Láyíwọlá jókòó tì í, Tahir sì ń ki fèrè mọ́lẹ̀, ó ń bá àwọn onímọ́tò bú ara wọn ní gbogbo oríta. Màsúdát ń ṣàdúrà tirẹ̀, Láyíwọlá kò lè ṣe tirẹ̀. Ọrùn ọmọ náà ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ń yẹ̀ sósì, bíi ti adìyẹ tí wọ́n dá lọ́rùn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan yíjú sí Láyíwọlá.

"Bàbá, kí lẹ fún un?"

"Kò sí nǹkan kan. Ibà ni."

"Ẹ ò fún un ní àgbo? Ẹ sọ òótọ́ o, a ò ní bá yín jà."

"Mo ní rárá."

Oje Akọ ṣì wà ní ìka rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Kí ló dé tó fi purọ́? Ìtìjú ni. Ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọdébìnrin tí ó lè bí máa wò ó bí ará oko tó fi ìtọ̀ màlúù rọ ọmọ. Bó bá sọ àgbo, á sọ tábà. Bó bá sọ tábà, Ẹ̀bùnọlá á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń rí. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wa ṣe nǹkan, lẹ́yìn náà á wá dì wá lẹ́nu.

Wọ́n ń tọ́jú ibà. Ibà kọ́ ló ń pa ọmọ.

Ẹ̀bùnọlá dé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Láníyọnu dé láti Challenge nítorí Tahir ti pè é lórí fóònù. Gìrì tún ti bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti ìṣáájú lọ. Dókítà ń wọlé, ó ń jáde, ojú rẹ̀ ń yí padà. Ẹ̀bùnọlá di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Tẹni, màmá ti dé. Tẹni, màmá rẹ ti dé." Ọmọ náà kò mọ̀ pé ẹnì kan dé.

Láyíwọlá jáde sí ẹ̀yìn ilé náà, ó wólẹ̀ lẹ́bàá àgbá omi.

"Olúwa, tí o bá dá ọmọ yìí sí, mi ò ní mu tábà mọ́. Màá máa wá sí ìjọ. Gbogbo ohun tí o bá ní kí n ṣe, màá ṣe é. Olúwa, má jẹ́ kó kú."

"Kí lo fún un?"

Láníyọnu ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ń bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ ń rùn, Láyíwọlá. Kí lo fún un?"

Ó gbé e mì, ó tún gbé e mì. Nígbà tó wá jáde, ó jáde bí ẹ̀bì. Ó sọ ìgò, ó sọ ewé, ó sọ Akọ.

"Ṣé dókítà mọ̀?"

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ọlọ́run lè ṣe é."

Ẹgbẹ́ ni wọ́n, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rí. Láníyọnu kò kúnlẹ̀.

"Ọlọ́run ti mọ̀ kí o tó sọ ọ́. Dókítà ni ò mọ̀. Dìde."

"Ẹ̀bùn á gbọ́. Kò ní dárí jì mí láéláé."

"Ó lè má dárí jì ọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Jésù á dárí jì ọ́, nítorí ó ti kú ikú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kí o tó dá a. Ṣùgbọ́n kì í bá èèyàn pa irọ́ mọ́. Ò ń bẹ̀ ẹ́ kó gba ọmọ rẹ, o sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ò jẹ́ kó kọjá. Dìde, Láyíwọlá! Ọmọ ń kú!"

Láníyọnu fi ọwọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e dúró. Ó ń rìn lọ bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa á. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sọ ọ́ níwájú dókítà, níwájú nọ́ọ̀sì, níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ni. Mo fún un ní àgbo. Ìtọ̀ màlúù àti tábà tútù. Èyí tó le jù ni. Mo purọ́."

Dókítà wò ó. "Ìgbà wo?"

"Ọ̀sán."

"Látọ̀sán! Ẹ sì jókòó síbí tí ẹ ò sọ!"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ń sáré. Ó sọ fún bàbá àti ìyá ọmọ náà lẹ́yìn náà pé irú àgbo bẹ́ẹ̀ máa ń já ṣúgà inú ara ọmọ wálẹ̀ pátápátá, pé ọpọlọ kì í sì í pẹ́ láìsí ṣúgà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ̀bùnọlá kò kígbe. Kò bú u. Ó kàn ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Láyíwọlá ìbá fẹ́ kó gbá òun létí.

Ó padà sẹ́bàá àgbá omi. Ó tún kúnlẹ̀, Láníyọnu náà kúnlẹ̀ tì í lọ́tẹ̀ yìí. Àdúrà kejì yìí kò dùn létí. Kò ṣèlérí kankan.

"Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Kì í ṣe tábà nìkan. Mo fẹ́ràn ara mi ju ọmọ mi lọ. Mo fẹ́ kí ọmọ mi kú ju kí ojú tì mí lọ. Mi ò ní nǹkan tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Ìwọ lo kú fún mi. Gbà mí bí mo ṣe wà yìí. Tí ọmọ yìí bá yè, tìrẹ ni mí. Tó bá kú, tìrẹ ni mí."

Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ohùn kankan kò fọ̀. Ṣùgbọ́n Láyíwọlá mọ̀ pé a ti gbọ́ òun. Kò ní ohun kan láti fi pamọ́ mọ́, fún Ọlọ́run tàbí fún ènìyàn, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ohun tí òun ń gbé kiri ti wúwo tó. Ó sunkún bí ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ọkùnrin yìí là, lórí omi ẹrẹ̀, pẹ̀lú òórùn tábà ní ọwọ́ rẹ̀.

Tẹniọlá kò kú. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n kò kú.

Láyíwọlá hú Akọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó tú Pupa kúrò lórí okùn. Ó gbẹ́ kòtò, ó sin gbogbo rẹ̀, ó sì fọ́ ìgò náà. Kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́ pé ó rọrùn fún un. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, orí fọ́ ọ, ìfẹ́ tábà sọ̀kò sí i láàárọ̀ lálẹ́. Ìgbà kan wà tó lọ dúró síbi kòtò náà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, tó fẹ́ hú u jáde. Orúkọ Jésù ló pè níbẹ̀ títí tó fi lè padà wọlé. Ẹni tó gbà á ló ń dì í mú títí dòní.

Ní ti Ẹ̀bùnọlá, kò lọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó ju "ẹ wá jẹun" lọ, Láyíwọlá kò sì bínú sí i. Ó tún ebè ẹ̀fọ́ náà kọ fún un. Ibi gbogbo tó bá ti gbọ́ pé wọ́n bímọ, á lọ, á béèrè bóyá irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà nílé, á sì sọ ohun tí òun ṣe láìfi kan pamọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, tìrẹ lè má jẹ́ tábà. Ó lè jẹ́ pé o kò fín áṣáà rí láyé rẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o fún ní ibi tó dára jù nínú ilé rẹ, tí o hú ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn kúrò nítorí rẹ̀. O mọ orúkọ rẹ̀. Bí o ti ń ka ìwé yìí lọ, ó ti wá sí ọ lọ́kàn.

Jésù ń ní kí o hú u. Kò ní kí o kọ́kọ́ di ènìyàn rere. Kò ní kí o kọ́ àdúrà tó dùn. Ó ti gbé ẹ̀bi rẹ rù sórí igi, ó sì ń dúró kí o sọ òótọ́ fún un. Sọ ọ́ níbi tí o jókòó sí. Sọ pé, "Èmi ni. Mo ṣe é. Mo purọ́. Gbà mí." Bí ẹnì kan bá sì wà tó yẹ kí o lọ sọ òótọ́ fún, dìde kí o lọ. Ẹni náà lè má dárí jì ọ́. Lọ síbẹ̀.

O lè sọ nínú ọkàn rẹ pé Láyíwọlá pẹ́, síbẹ̀ a gbà á, pé ìwọ náà ṣì ní àkókò. Lóòótọ́ ni a gbà á. Kò sí ẹ̀bi kankan lórí rẹ̀ mọ́ níwájú Ọlọ́run. Ọjọ́ Sunday ni a pè é, ó ní òun fẹ́ kórè ná, ó sì wá sọ́dọ̀ Jésù ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìdúró náà kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ronú pìwà dà lónìí, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nìkan ni ìdúró ń jẹ níyà.

Tẹniọlá ti tó ọmọ tí à ń rán lọ sọ́jà báyìí. Kò lè rìn. Kò lè sọ̀rọ̀. Kò lè di ṣíbí mú, bí ìyá rẹ̀ bá sì pè é, kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Ẹ̀bùnọlá fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bó bá ń jáde, ẹ̀yìn ló ń pọ̀n ọ́n sí bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ti gùn, ó ń gbá ìyá rẹ̀ ní ojúgun bó ti ń lọ.